Dell ń tà sí i, èrè rẹ̀ já sí ìdajì: kí ló fà á?

ỌmọKétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé ìṣirò owó tí Dell, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2006 la fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òwò ní Kétu níbí. Bílíọ̀nù 14.1 dọ́là ló wọlé ní oṣù mẹ́ta tí ìwé náà dá lé. Ní irú àkókò kan náà ní 2005, 13.4 ni. Èrè wá já láti bílíọ̀nù 1.02 bọ́ sí mílíọ̀nù 502. Báwo lèèyàn ṣe ń tà jù ti àná lọ tí èrè ń gé sí méjì? Wọ́n tún ní ìpín rẹ̀ nínú ọjà ń sún kì. Àwọn kan ní bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń gbiná ló fà á. Ẹ bá wa ṣe é lọ́nà tí yóò yé ọmọ tí kò fọwọ́ kan dọ́là rí.

Alájàpá_Ouando
Bátìrì kọ́ o. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ni wọ́n kéde pé kí àwọn oníbàárà dá bátìrì mílíọ̀nù 4.1 padà, oṣù mẹ́ta tí ẹ ń wò sì ti parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ẹ pa ìyẹn tì.

Èyí tó ṣẹ́kù lórí ọjà ni kí ẹ wò. Ní 2005, nínú 100 dọ́là tó bá wọlé, nǹkan bíi 7.60 ló ń di èrè. Ní 2006, kò ju 3.56 lọ. Dell ń bá HP àti Acer, tí àwọn náà ń ta kọ̀ǹpútà, du oníbàárà, ó wá ń já owó ọjà wálẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sára pátákó báyìí: kọ̀ǹpútà àlòkù kan, 200,000 sẹ́fà lọ́jà Ouando. Iye tí wọ́n rà á, 170,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti ọmọọ̀ṣẹ́, 18,000. Èrè, 12,000. Kí ẹ ní kí ẹ yọ 10,000 péré fún oníbàárà, èrè ti di 2,000. Ẹ gbọ́dọ̀ ta mẹ́fà kí ẹ tó rí ohun tí ẹyọ kan ń mú wá tẹ́lẹ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́229
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún ti ìkẹyìn yẹn ṣe. Owó ṣọ́ọ̀bù kì í pọ̀ sí i torí pé ọjà yá. Tó bá jẹ́ pé mẹ́wàá là ń tà lóṣù, 180,000 ni ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, bí a tà bí a ò tà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń mú 30,000 wá, ó di 300,000. Yọ 180,000, ó ku 120,000. Lẹ́yìn tí a ti dín owó, 20,000 ni ẹyọ kan ń mú wá. 300,000 la ṣì ń wá, nítorí náà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa tà, kì í ṣe ọgọ́ta. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yóò dín tiẹ̀ náà lọ́la, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò sì ní pé.

Ti ìpín ọjà kò le. Ká ní ìlú ra kọ̀ǹpútà 100 lọ́dún tó kọjá, 20 jẹ́ tiwa. Lọ́dún yìí ìlú ra 120, a ta 21. A tà sí i, àmọ́ 20 nínú 100 ti di 17.5. Oṣù mẹ́ta ọdún yìí àti irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni kí wọ́n máa fi wéra. Ẹni tó bá fi àkókò ìwọlé ẹ̀kọ́ wé àkókò mìíràn, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án 2006 ni HP gba iwájú lọ́wọ́ Dell ní gbogbo ayé, díẹ̀ báyìí ló sì fi jù ú.

Ìṣirò_Àjàṣẹ́
Ẹ ò tíì fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà náà, orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni Dell ti ń tà, kì í tò ó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbowó kó tó to kọ̀ǹpútà pọ̀, ó sì ń san ti àwọn tó ń kó ẹ̀yà fún un lẹ́yìn náà. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ kí owó rẹ̀ tó já, nítorí náà ẹni tí ọjà kì í sùn lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jẹ èrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ọjà yí sí, ará ilé ló sì ń rà á: wọ́n fẹ́ gbé e wò, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. HP wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, Dell kò sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ Taiwan bíi Quanta àti Compal ló sì ń to alágbèéká fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní títò ó fúnra ẹni ṣe lọ.

Èyí tó tún burú jù: èènì. Intel, tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń san owó fún Dell kó má bàa lo ti AMD tó ń bá a du ọjà. Nígbà tí SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, tú u wò, wọ́n rí i pé owó náà jẹ́ 10 nínú 100 èrè iṣẹ́ Dell ní ọdún ìṣúná 2003, ó di 38 ní 2006, ó sì gòkè dé 76 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún ìṣúná 2007. (Oṣù kejì 2006 ni ọdún tí wọ́n pè ní 2007 yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dà yín rú.) Nígbà tí Dell sọ ní oṣù karùn-ún 2006 pé òun yóò lo AMD, Intel fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi èènì alátajà ṣe oúnjẹ, tí kò sì sọ fún àwọn tó ń bá a dá owó pọ̀! Ní 2010, Dell san mílíọ̀nù 100 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ náà, láìní òun jẹ̀bi, láìní òun ò jẹ̀bi.

ỌmọKétu
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ọ̀kan. Ìwé náà ní èrè orí ìpín ìdókòwò kọ̀ọ̀kan já láti sẹ́ńtì 41 sí 22. Ìyẹn jẹ́ 46 nínú 100. Èrè fúnra rẹ̀ sì já ní 51. Ta ló ṣì í?

Ìṣirò_Àjàṣẹ́
Kò sẹ́ni tó ṣì í. Dell ń fi owó ra ìpín ìdókòwò rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Èrè kéré, àmọ́ iye ìpín tí wọ́n ń pín in sí náà dín kù. Ẹ ní kí wọ́n pín 1,020 sí 0.41, kí wọ́n tún pín 502 sí 0.22: bíi mílíọ̀nù 2,490 ni àkọ́kọ́, èkejì ò ju bíi 2,280 lọ. Èyí tó já ní 51 ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà.