Ìfojúwò: orúkọ fún ojú tí ọ̀rọ̀ fi ń wo nǹkan

Ẹni tó ń ṣọ́wó ná àti ahun lè jọ máa fi owó pamọ́ bákan náà. Ẹnu tó ń ròyìn wọn ló yàtọ̀: ọ̀kan ń yìn, èkejì ń bú. Kí la ó máa pe ìyàtọ̀ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́?

Mi ò fara mọ́ kí a pè é ní "ìtumọ̀ kejì". Ọmọ tó bá gbọ́ ọ á rántí pé orí wà lọ́rùn, orí sì wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. "Ìtumọ̀ tó fara sin" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àbùkù inú "ahun" ò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìfojúwò ni mo dábàá. A ti máa ń sọ pé èèyàn fi ojú àbùkù wo nǹkan, tàbí pé ó fi ojú rere wò ó. Orúkọ náà sì di ìbéèrè wẹ́rẹ́: ojú wo ni ọ̀rọ̀ yìí fi wò ó?

Nínú kíláàsì, ẹ mú gbólóhùn kan, kí ẹ pààrọ̀ ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀: ọmọ náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó rù, ó rù kan eegun. Ẹ ní kí wọ́n tò wọ́n láti orí ìyìn dé orí àbùkù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyí: láàárín "tẹ́ẹ́rẹ́" àti "rù" ni ojú ti yí padà, àmọ́ láàárín "rù" àti "rù kan eegun", ìwọ̀n ló lé sí i. Ìlà méjì ni kí ẹ fà sójú pátákó, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún ìwọ̀n. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá le sí èébú, títí kan "ga fíofío".

Ẹ má ṣe há ìwé "ọ̀rọ̀ rere, ọ̀rọ̀ búburú" fún wọn. Ògbójú jagunjagun, ìyìn ni. Ògbójú olè ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló yí ojú rẹ̀ padà.

Àdàpè, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo ohun tí kò dára mọ́lẹ̀, ló rọrùn jù láti fi kọ́ wọn. Àwọn àgbà ní àdàpè olè ni "ọmọ mi ń fẹ́wọ́". Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa sọ "fẹ́wọ́", ìyá ọmọ ni àbí ẹni tó ni ẹrù? Kí ló dé tí ẹni tó ni ẹrù ò ní sọ ọ́ láéláé?

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ fún wọn ní ìpínrọ̀ gbólóhùn 6 tó ń yin òṣìṣẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ 5 péré ni kí wọ́n pààrọ̀ tí ìyìn á fi di ẹ̀gàn. Ẹni tó bá fi "kò" kún un, tàbí tó hùmọ̀ ìwà tuntun fún òṣìṣẹ́ náà, ti yí ohun tó ṣẹlẹ̀ padà. Ẹ má fún un ní máàkì níbẹ̀.

"Kú", "ṣaláìsí" àti "wàjà" lè dúró di ìgbà mìíràn, torí ipò ẹni tó lọ ló ń yan ọ̀rọ̀ níbẹ̀.