Ẹ Sọ Tiyín: Ọjọ́ Tí Ẹ Fojú Kan Àbùùbùtán

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ èyí tó fojú ara rẹ̀ rí nípa àbùùbùtán àti àwọn ẹran ńlá inú òkun. N ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Etí òkun ní Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìgbì gbé àbùùbùtán kan sórí iyanrìn lẹ́bàá abúlé wa. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ariwo fi jí wa. Kí n tó sáré débẹ̀, àwọn géńdé ti gun orí rẹ̀ tàdátàdá, àwọn ìyá wa ti to korobá àti agbada sílẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ funfun, ó nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gé e, títí òórùn fi lé wa kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí èmi náà fi bímọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹran náà ṣì ń mí. Ihò orí rẹ̀ ṣí, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tú jáde bí èéfín, ihò náà sì tún pa dé. Mo fa ṣòkòtò bàbá mi, mo ní, "Bàbá, ó ṣì wà láàyè o." Wọ́n ní kí n lọ mú korobá kejì wá. N kò bá wọn wí. Ẹja wọ́n lọ́dún yẹn, ẹnu tí wọ́n ń bọ́ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé èémí yẹn.

Orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń rò: ohun tí a bù, tí a tún bù, tí kò bù tán. Láti kékeré ni mo ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, pé kò lè tán.

Ìyá Táíwò, Salvador

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí. Níbi tí mo wà yìí, díẹ̀ ló kù kó tán.

Ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń gbé ní Bahia, ní Bùràsíìlì. Ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, gbogbo ìlú máa ń ru òdòdó lọ fún Yemọja lójú òkun. N kò mọ̀ pé inú omi kan náà ni wọ́n ti ń pa àbùùbùtán láti nǹkan bí ọdún 1602. Ní erékùṣù Itaparica tó wà lódìkejì, níbi tí egúngún ti ń jáde títí dòní, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀, àwọn ni wọ́n ń gé ẹran, àwọn ni wọ́n ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀ lórí iná kí àwọn ẹlòmíì lè rí òróró tan fìtílà. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo jókòó sílẹ̀.

Èyí tó ń wá síbí, jubarte ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 27,000 ló wà ní apá òkun yìí ní ọdún 1830. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1950, ó ti ku bí 450. Ẹ tún gbọ́ èyí: láàárín 1948 sí 1973, àwọn ọkọ̀ Soviet Union, ìjọba tí Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, pa jubarte tó lé ní 48,000 ní ìhà gúúsù ayé, 2,710 péré ni wọ́n sì kọ sínú ìwé. Àwọn onímọ̀ Rọ́ṣíà fúnra wọn ló tú àṣírí náà nígbẹ̀yìn. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Lóṣù kẹjọ ọdún kan, mo wọ ọkọ̀ láti Praia do Forte. Obìnrin kan tó ń bá Projeto Baleia Jubarte, àwọn tó ń dáàbò bo jubarte, ṣiṣẹ́ bá wa lọ. Ọdún 1988 ni wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Caravelas, ní ọ̀nà àwọn erékùṣù Abrolhos. Èébì gbé mi tó fi wákàtí kan. Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ojú tó rí i: èémí gígùn kan, hùùù, bíi ti àgbàlagbà tó sọ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, dúdú, ó ń dán, ó ń kọjá lọ, kò tètè tán. Ìrù rẹ̀ wá dìde sókè, omi ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀ bí òjò orí páànù.

Àwa ń pariwo, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni obìnrin yẹn gbé sójú. Ó ní abẹ́ ìrù yẹn, dúdú àti funfun rẹ̀, kò sí méjì tó bára mu. Mo rántí ilà ojú bàbá bàbá mi, àmọ́ ilà ìdílé ni ìyẹn, gbogbo agbo ilé ló ní in. Ìrù yìí ń sọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó sọ ti abo kan fún wa, tí wọ́n ya fọ́tò ìrù rẹ̀ ní Abrolhos ní 1999. Ní 2001, arìnrìn-àjò kan ya ìrù kan ní Madagascar, lódìkejì Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, abo yẹn náà ni. Ó rin ìrìn tí kò dín ní kìlómítà 9,800.

Wọ́n ju maikirofóònù sínú omi, wọ́n sì jẹ́ ká gbọ́ orin. Akọ nìkan ló ń kọ ọ́. Ó kérora, ó han, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sun rárà. Àwọn onímọ̀ méjì, Roger Payne àti Scott McVay, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1971 pé orin ni lóòótọ́, pé ó ní ẹsẹ, ó sì ní àtúnwí. Omijé bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀ yẹn.

Ọdún 1987 ni Bùràsíìlì fòfin de pípa àbùùbùtán. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2019 sọ pé jubarte ibí ti padà tó bí 25,000.

Bàbá London

Tèmi kò gùn. Ọjọ́ Jímọ̀, 20 oṣù kìíní 2006, àbùùbùtán kan wọ odò Thames, ó kọjá níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ọmọbìnrin mi sí èjìká lọ sí Battersea. Èrò pọ̀ bí ọjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n gbogbo wa dákẹ́. Àwọn agbẹ̀mílà wà nínú omi òtútù yẹn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ gbé e dúró. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan kí wọ́n lè dá a padà sí òkun. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú.

Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní omi ti tán lára rẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣé òùngbẹ lè gbẹ ohun tó wà nínú omi?" N kò mọ èsì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà á pé ara oúnjẹ tó ń jẹ nísàlẹ̀ ibú ni irú èyí ti ń rí omi. Bó ṣe ṣìnà sínú odò tí kò jìn, oúnjẹ tán, omi náà tán. Egungun rẹ̀ wà ní Natural History Museum. Ọmọ yẹn ti dàgbà báyìí, kò tíì gbàgbé.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ń lọ ọ̀nà jíjìn. Jubarte ń wá bímọ lọ́dọ̀ àwa náà. Ní 2001, onímọ̀ kan, Koen Van Waerebeek, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi ìbímọ wọn ni òkun Benin wa yìí, láti inú omi yìnyín gúúsù ni wọ́n ti ń wá. Mo bá apẹja kan lọ láti Grand-Popo lóṣù kẹsàn-án, a rí ìyá àti ọmọ. Ọmọ jòjòló ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá bí i ló ti gùn tó mítà mẹ́rin, tí ó sì tó bíi tọ́ọ̀nù kan. Apẹja náà pa ẹ́ńjìnnì títí wọ́n fi kọjá. Ó ní èyí tó wọ àwọ̀n òun rí, òun ló fọ̀bẹ ya àwọ̀n sọ́nà kí ó lè lọ. Àwọ̀n ọ̀hún, gbèsè ló fi rà á. Kò sẹ́ni tó san án padà fún un, ó sì yẹ kí àwọn tó ń pè wá síbi ìdáàbòbò ẹranko máa ronú sí ìyẹn.

Ọmọ Ìlàjẹ

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Táíwò, mo ní ìbéèrè kan. Eegun ẹ̀yìn ẹran ìgbà yẹn kan ṣì wà, bàbá mi sọ ọ́ di àpótí ìjókòó. Ṣé wọ́n lè fi mọ irú èyí tó jẹ́?

Ìyá Táíwò, Salvador

Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọdún àti abúlé sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má sì kùn ún ní ọ̀dà. Wọ́n lè gbẹ́ ìyẹ̀fun díẹ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò DNA.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Igbókòdá ló wà, nítorí òkun ti gbé ilé wa lọ, àti iyanrìn tí ẹran náà kú sí. Mo ti pè é. Ó ní orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ òun ti ń jẹun alẹ́. Ní Sátidé n ó mú rúlà lọ.