Ìdá kan nínú mẹ́rin àti 0.25: báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ohun kan náà ni?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú owó iléèwé àwọn ọmọ.

Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lágbègbè Kàbbà. Ọmọ 38, bẹ́ǹṣì 11. A ti ṣe ìdá tán láti táàmù tó kọjá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tí a dé orí dẹ́símà ni gbogbo ẹ̀ dojú rú.

Bí mo bá kọ 1/4 sára pátákó tí mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di dẹ́símà, wọ́n á pín in, 0.25 á jáde, màá fún wọn ní máàkì. Àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì mo bi wọ́n pé èwo ló tóbi jù nínú 0.3 àti 0.25. Ọmọ 29 ló ní 0.25 ni, torí pé 25 ju 3 lọ. Mo tún ní kí wọ́n kọ ìdá kan nínú márùn-ún ní dẹ́símà láìpín in. Ọ̀pọ̀ kọ 0.5. Ọ̀kan tiẹ̀ kọ 1.5. Ó ní ilà tó wà láàárín ló di pọ́ìntì, kí ló tún kù?

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: bí mo ṣe kọ́ wọn ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. "Ẹ fi tìsàlẹ̀ pín tòkè, ẹ fi pọ́ìntì sí i." Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn rí.

Mo gbìyànjú náírà àti kọ́bọ̀. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n ń pè ní kọ́bọ̀?" Mo jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ibo lẹ gbà? Ẹ má ní kí n lọ ra nǹkan o. Ẹ mọ bí oṣù ṣe rí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú:
Ọmọ mi, okun. Má bínú sí ẹni tó béèrè kọ́bọ̀, ibo ló ti fẹ́ rí i? Ṣùgbọ́n owó yẹn gan-an ló kọ́ èmi ní dẹ́símà, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Kó tó dìgbà náà, kọ́bọ̀ àtijọ́ 12, ìyẹn pẹ́nì, ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ìdámẹ́rin ṣílè. Sísì jẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ìdajì rẹ̀. Ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìdá ló fi ń ná ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sí pọ́ìntì kankan níbẹ̀, torí 12 kì í fojú pa mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ pín in: sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, sí mẹ́fà. Nígbà tí náírà wá dé, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ tuntun mẹ́wàá, kọ́bọ̀ ọgọ́rùn-ún di náírà. Ó pẹ́ kí àwọn ìyá wa tó yéé pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè. Ìgbà yẹn ni ojú mi là sí i: dẹ́símà kì í ṣe nǹkan mìíràn, ìdá ni. Ìdá tí wọ́n ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí 10, tàbí 100, tàbí 1000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdajì gba orí mẹ́wàá wọ́ọ́rọ́: márùn-ún nínú mẹ́wàá, 0.5. Ìdámẹ́rin ni kò gbà á. Pín mẹ́wàá sí mẹ́rin, méjì àbọ̀ ni, a kì í sì í kọ àbọ̀ síbẹ̀. Ó di dandan kó kọjá sórí ọgọ́rùn-ún, níbi tó ti di 25. Ìdí tí 0.25 fi ní ẹsẹ̀ méjì nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́jọ á rìn jìnnà sí i, títí dé orí ẹgbẹ̀rún: 0.125. Bí ọmọ bá ti rí i pé ńṣe ni ìdá ń wá ibi tó máa jókòó sí, kò ní kọ 0.5 fún ìdá kan nínú márùn-ún mọ́. Méjì nínú mẹ́wàá nìyẹn.

Ìyá oníkaṣú, Ìyàrà:
Ẹ bá wa mú un ní kókó o. Sáà kaṣú tó kọjá, ọmọ mi tó wà ní JSS 1 ni mo fi sídìí òṣùwọ̀n àwọn tó ń rà á, irú èyí tó ń tan nọ́ńbà. Àpò kan wọn 12.5, èkejì wọn 12.45. Ó ní èkejì ló wúwo jù. Ojú oníbàárà ni mo kà, mo rí i pé òun ò fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rárá.

Tíṣà ìṣirò, Mọ̀pà:
Bàbá ti sọ gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń kà á ni mo fẹ́ fi kún un, torí mo gbà pé ẹnu wa ló ń ba àwọn ọmọ jẹ́. A máa ń ka 0.25 ní "pọ́ìntì ogún lé márùn-ún". Ọmọ tó gbọ́ ogún lé márùn-ún, kí ló fẹ́ fi mẹ́ta ṣe? Láti ọ̀la lọ, ẹ kà á báyìí: ìdámẹ́wàá méjì, ìdá ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Kí ẹ ka 0.3 ní ìdámẹ́wàá mẹ́ta. Kò sí ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa tí kò mọ ìdámẹ́wàá. Ẹ bi í pé tí bàbá rẹ̀ bá pa ₦20,000, èló ni yóò san? Ẹ ní kó kọ ọ́ ní 1/10, ẹ ní kó tún un kọ ní 0.1. Orúkọ ti wà lẹ́nu wọn, ẹ kàn fi wọ́n mọ ojú rẹ̀ ni.

Èkejì, ẹ̀yin tí mo ń kí ní okun, okùn ni mo gbé wá. Ẹ gé okùn mítà kan kan fún bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ká a sí méjì, kí wọ́n tún un ká sí méjì. Ìdámẹ́rin wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tíì kọ nǹkan kan. Kí wọ́n wá nà án sára rúlà: sẹ̀ǹtímítà 25 nínú 100. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ 1/4 àti 0.25 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí wọ́n gé 0.3 náà, wọ́n á rí i pé ó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gùn jù ú lọ. Àríyànjiyàn tán.

Bọ̀dá kan, Ògìdì:
Ẹ fi dátà kọ́ wọn. Kò sí ọmọ tí kò mọ 1.5 gig.

Tíṣà ìṣirò, Mọ̀pà:
Ẹ má dán an wò kó tó yé wọn. Lórí fóònù mìíràn, MB 1,024 ni wọ́n ń kà sí gig kan, kì í ṣe 1,000, ìdajì rẹ̀ á sì jáde ní 512. Ọmọ á ní kí lẹ wá ń sọ. Aago náà kò dára fún un: wákàtí 1.5 jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 30, kì í ṣe ìṣẹ́jú 50, torí 60 ni aago fi ń kà. Ẹ jẹ́ kí nǹkan mẹ́wàá-mẹ́wàá kọ́kọ́ rìn dáadáa.

Ẹni tó béèrè, Kàbbà:
Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti padà dé láti ojú ogun.

Okùn tí wọ́n fi ń so àpò ni mo gé. Bẹ́ǹṣì 11, okùn 11. Rúlà mítà kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ni a jọ ń lò, a sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ kí ìtò má bàa gùn. Ọmọ tó kọ 1.5 lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ká tirẹ̀ sí márùn-ún, ó bá 20 lórí rúlà, ó ní, "Àǹtí, 0.2 ni! Mo ṣì í kọ!" Mo tún bi wọ́n ní 0.3 àti 0.25. Ọmọ méje péré ló ṣì í. Àwọn méje yẹn, mo mọ̀ wọ́n, màá tún jókòó tì wọ́n.

Wàhálà tuntun tó wà nílẹ̀ ni pé bẹ́ǹṣì kan ká tiwọn sí mẹ́ta. Ọ̀kan bá 33, ọ̀kan bá 33, ẹni kẹta bá 34. Wọ́n ń jà pé ta ló rẹ́ àwọn jẹ.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú:
Ẹnì kankan ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mẹ́ta ò pín mẹ́wàá dọ́gba, kò pín ọgọ́rùn-ún, kò sì ní pín ẹgbẹ̀rún láé. Bí wọ́n bá ń pín in lọ, 0.333 ni wọ́n á máa kọ títí ṣọ́ọ̀kì á fi tán. Ìdá tí a ti dín kù tán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé rí nípa sísọ 2 àti 5 nìkan di púpọ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Láyé ṣílè, kọ́bọ̀ mẹ́rin gééré ni ìdá kan nínú mẹ́ta, a ò jà rí.

Ẹni tó béèrè, Kàbbà:
Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Bàbá. Ẹni tó mú 34 ní tí kò bá lópin, kí wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ fún òun.