Kókó ọ̀rọ̀: "ìrojọ́-ìwà" kọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi "ìrojọ́-ìwà" ránṣẹ́ lánàá ní àwọn ń wá orúkọ fún bí ọmọ iléèwé ṣe ń fi ọkàn ara rẹ̀ mọ ohun tó tọ́. Rò (ti ríronú) + ẹjọ́ ni, wọ́n ní. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n n ò gbà. Bí rò bá ti bá ẹjọ́ pàdé, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn, bíi gbà nínú gbowó, ìtumọ̀ ríronú sì ti bá a lọ. Ẹni tó ń rojọ́ ń wá bí yóò ṣe yọ ara rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ẹjọ́ rò. Òye ni kò tíì ní.

Ẹ rántí ìtàn ife tó wà nínú ìwé tí Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé láti Swítsálándì, kọ ní 1932. Ọmọ kan ṣílẹ̀kùn, kò mọ̀ pé ife 15 wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fọ́. Ìyá ọmọ kejì ò sí nílé, ọmọ náà fẹ́ yọ́ jáàmù mú nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ife kan ṣoṣo fọ́. Ta ló jẹ̀bi jù? Àwọn kékeré sábà máa ń ní ẹni tó fọ́ 15. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á wo ohun tó wà lọ́kàn oníkálukú.

Mo fi àwo àti ẹran inú ìkòkò sọ ọ́ fún kíláàsì mi. Ọmọbìnrin kan ti nawọ́ sókè kí n tó parí, pé ẹni tó fọ́ púpọ̀ ni. Ó wá rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀: "Àmọ́ tíṣà, ó ṣèèṣì ni." Ṣèèṣì! Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí àwa tó jókòó hun tuntun. Ìyá bàbá mi kì í na ọmọ láì kọ́kọ́ bi í pé, "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àbí o ṣèèṣì?" Òye ni màmá fi ń wo ìwà.

Nítorí náà, ìfòyewòwà ni tèmi: wo + ìwà, bíi wòran. Bó bá gùn jù, òye ìwà ti tó. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́, ní 1970, ọmọ kékeré ló ní láti fi ẹnu rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀dá.

Ẹni tó ní ká ju làákàyè nù torí pé Lárúbáwá ni, mo ti rí i. Ṣé a ó ju àdúrà, tó wá láti inú Lárúbáwá bákan náà, nù ni? Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní gbólóhùn kan péré láti ẹnu àgbà, níbi tí rojọ́ ti jẹ́ ríronú.