Àbúrò ọkọ mi ní Constantine ló dá Ìjọ Kátólíìkì sílẹ̀. Ìwé wo ni kí n fi hàn án?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Àbúrò ọkọ mi tó kúrò ní Kátólíìkì ti sọ ilé wa di kóòtù. Ó ní Constantine, ọba Róòmù, ló mú Mísà wá ní 325, òun ló gbé ìsìn kúrò ní Sátidé sí Sọ́ńdè, àti pé àwọn Kristẹni ìṣáájú ò mọ ohun tó ń jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ka Bíbélì fún un, á ka ẹsẹ yẹn kan náà padà fún mi, á túmọ̀ rẹ̀ síbòmíràn. Ọkọ mi kì í dá sí i. Àwọn wo ló kọ̀wé kí Constantine tó dé? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí tó máa gbà pé kí n lọ kọ́ èdè Gíríìkì o.

Bàbá Katikíìsì: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Justin ajẹ́rìíkú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 155 ló kọ̀wé sí Antoninus Pius, ọba Róòmù, nítorí irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ àwọn Kristẹni. Ẹ ka orí 65 sí 67. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń pé jọ. Wọ́n á ka ìwé àwọn àpọ́sítélì tàbí ti àwọn wòlíì, olórí á wàásù, gbogbo wọn á dìde gbàdúrà. Wọ́n á wá gbé búrẹ́dì, wáìnì àti omi wá, olórí á dúpẹ́ lórí wọn, ìjọ á ṣe Àmín, àwọn díákónì á sì gbé tiwọn lọ fún àwọn tí kò lè wá. Ó ní àwọn ò gbà á bí oúnjẹ lásán, pé ara àti ẹ̀jẹ̀ Jésù ni. Lóòótọ́ ni Constantine ṣòfin ìsinmi Sọ́ńdè ní 321, àmọ́ ohun tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́ ló bá nílẹ̀. Ẹ kà á sí i létí láìdárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ wá bi í pé ìjọ wo nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n London: Ní ti bíṣọ́ọ̀bù, ẹ wo Ignatius ará Áńtíókù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì ni, wọ́n ń mú un lọ sí Róòmù kí ẹranko lè pa á jẹ, òun ń kọ lẹ́tà lójú ọ̀nà! Nínú èyí tó kọ sí àwọn ará Símínà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ohunkóhun tó jẹ mọ́ ìjọ lẹ́yìn bíṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ náà ni orúkọ "Ìjọ Kátólíìkì" ti kọ́kọ́ jáde nínú gbogbo ìwé tó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́.

Ọmọ Áńgílíkà: Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má fi ìdajì hàn án o. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ará Carthage ní Àríwá Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 200, sọ pé wọ́n ń ṣe àmì àgbélébùú síwájú orí ní gbogbo ìwọlé-jáde wọn. Òun náà ló tún ní kí wọ́n máa fi ìrìbọmi ọmọdé falẹ̀.

Bàbá Katikíìsì: Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Àmọ́ ẹni tó ní kí wọ́n fi í falẹ̀ ti jẹ́rìí pé wọ́n ń ṣe é nìyẹn. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀, 66 nínú ìpàdé Carthage, pinnu pé kò pọn dandan kí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó ri ọmọ bọmi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Rosárì ńkọ́? Òun ló fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n London: Há, ẹ má gbé rosárì dé ọ̀dọ̀ Justin o! Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ló dé. Bí ẹ bá fi kún un, á já yín níbẹ̀, kò sì ní gba ìyókù gbọ́ mọ́. Àdúrà sí Màríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Sub tuum praesidium, àjákù rẹ̀ ní Gíríìkì wà ní ilé ìkàwé John Rylands ní Manchester. Àwọn kan ní ọ̀rúndún kẹta ni, àwọn kan ní kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má búra lé ọdún rẹ̀. Bó bá jẹ́ àdúrà fún òkú ni, ẹ mú Perpetua, tí wọ́n pa ní Carthage ní 203. Nínú ẹ̀wọ̀n ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ń gbàdúrà fún Dinocrates, àbúrò òun tó ti kú.

Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì: Ìyàwó, ẹ kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún un kẹ́ ẹ tó mú Justin jáde o.