Ọmọ 38, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, eré kan ṣoṣo: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Bódìjà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ìtàgé. Wọ́n gbé ètò eré àwọn ọmọdé lé mi lọ́wọ́ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí, ní Bódìjà níbí. Ọmọ 38 ló ti forúkọ sílẹ̀. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 6, èyí tó dàgbà jù jẹ́ 13. Olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta ni mo ní. Aago 9 àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀, aago 1 ọ̀sán la máa ń parí, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wòran, nínú gbọ̀ngàn onípáànù tí kò ní sílíìnì. Ìtàn Ìjàpá la fẹ́ ṣe.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé eré, ṣé kí n tètè pín in ni àbí kí n ṣì mú un dání? Ohùn àwọn ọmọ kì í kọjá ìlà àga kẹta. Gbogbo wọn pátá ló sì fẹ́ jẹ́ Ìjàpá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nǹkan tó ṣeé dì mú. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n ṣáà ní sùúrù.

Eléré Mọ́kọ́lá dáhùn:

Ẹ kú ìmúra o, olùkọ́ wa.

Ẹ má pín ìwé kankan ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọmọ tó bá ti di ìwé mú, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára ìwé mọ́, ọwọ́ kan sì ti dè nìyẹn. Àwọn ọmọ ọdún 6 sí 8 ò tíì lè ka Yorùbá já gaara. Bí wọ́n ṣe ń ké àdúrà lórí ìlà ní sùkúù ni wọ́n á ṣe máa ké e jáde. Ìtàn ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe ìwé. Àwọn alárìnjó àtijọ́ pàápàá, bí ìtàn ṣe lọ ni wọ́n ń fi sọ́rí, ẹnu ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ pa àlọ́ náà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú lílé àti ègbè. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e sí ìran mẹ́fà. Ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé sọ ní gbólóhùn kan: "Ìjàpá ń fẹ́ nǹkan kan, ẹnì kan ò jẹ́ kó rí i gbà." Èyí tí kò bá ṣeé sọ bẹ́ẹ̀, ìran méjì ni, ẹ tún un gé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin fún ìran mẹ́fà, 24 nìyẹn. Orin mẹ́ta ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, 6. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Ẹ má kọjá ibẹ̀, torí eré tó gba 30 ní ìdánrawò, tó bá di ọjọ́ eré, á máa fẹ́ sún mọ́ 40. Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ọmọ kan á sì gbàgbé ibi tó yẹ kó gbà jáde.

Ní ti Ìjàpá: mẹ́fà ni kí wọ́n jẹ́, ọmọ kan fún ìran kan. Ìkarahun ni Ìjàpá, kì í ṣe ojú ọmọ. Ẹni tó bá gbé ìkarahun kọ́ ẹ̀yìn, òun ni. Ojú gbogbo ayé ni kí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn, nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran á ti mọ̀ ọ́n ní ìgbà kejì. Èrè rẹ̀ kejì ni pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kan ò ní pa jẹ, ì báà jẹ́ ibà, ì báà jẹ́ pé wọ́n mú un lọ kí ẹbí ní Èkó. Tí Ìjàpá ìran kẹta ò bá wá, Ìjàpá ìran kejì ò kàn ní bọ́ ìkarahun ni, eré ń lọ.

Ẹ pín wọn sí mẹ́ta nípa ọjọ́ orí, bíi 12, 14, 12, kí olùrànlọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ tirẹ̀ àti ìran méjì tirẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ má di ọ̀wọ́ kankan mú. Ọ̀sẹ̀ kìíní, eré àti àlọ́ nìkan, ẹ má yan ipa fún ẹnikẹ́ni. Ẹkùn mẹ́ran ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ àárọ̀: wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń di agbo mú tí kò fi ní fọ́, wọ́n á sì kọ́ bí gbogbo ẹnu ṣe ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sí ìran rẹ̀. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo ìran gbọ́dọ̀ ti so pọ̀. Ojú ibi tí ìran kan ti so mọ́ èkejì ni eré ọmọdé ti ń já, ẹ fi odindi ọjọ́ kan ṣe ìyẹn nìkan: ta ló ń wọlé, ta ló ń jáde, ta ló ń gbé àpótí kúrò. Láti Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ má fi ohun tuntun kankan kún un.

Àti pé tí àwọn ọmọ bá dé orí ìtàgé, wọ́n á tò sórí ìlà bí ìgbà tí wọ́n ń dúró de hẹdimásítà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín ilẹ̀ sí àpótí mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní gbígbòòrò, mẹ́ta ní jíjìn, ẹ kọ nọ́ńbà sínú wọn. Òfin kan péré: ọmọ méjì kì í wà nínú àpótí kan àyàfi tí wọ́n bá ń jà tàbí tí wọ́n ń sá pamọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ìlà yẹn á túká.

Ohùn Iyọ̀ dáhùn:

Ọ̀rọ̀ ohùn ni tèmi. Tí ohùn ọmọ ò bá dé ẹ̀yìn, olùkọ́ á ní "Pariwo!" Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọmọ tó ń pariwo, gbogbo ohùn ló ń gbé sókè pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ á di àárín, ìtumọ̀ á sì yí. Yánníbo fẹ́ sọ pé "Ọkọ̀ wa ti bàjẹ́", ohun tí ìyá tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ ni "Ọkọ wa ti bàjẹ́". Gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà ò ní mọ ohun tó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dòremí ka gbólóhùn kí wọ́n tó fi ẹnu sọ ọ́. "Ìjàpá ń bọ̀" jẹ́ dò dò mí mí dò. "Yánníbo" jẹ́ mí mí re. Kí wọ́n kùn ún pẹ̀lú ẹnu pípadé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n wá la ẹnu sọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Bódìjà tí ẹ máa rí, Òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílé. Etí wọn gbọ́ Yorùbá, ahọ́n wọn ni kò tíì rọ̀. Dòremí máa ń tètè bá wọn mu torí wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì orin.

Òfin kan náà ló de orin tí ẹ bá fẹ́ ṣẹ̀dá. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ orin lẹ́nu ná, kí ẹ gbọ́ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí orin tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá mú ohùn orin àjèjì, tí ẹ kàn to Yorùbá sínú rẹ̀, àwọn òbí á mi orí, wọn ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ibòmíràn tí ohùn ti ń sọnù ni ìparí gbólóhùn. Èémí ọmọ máa ń tán kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tán, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn á sì wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ẹ̀rín sábà máa ń wà. Ẹ fi àkísà rán bọ́ọ̀lù kékeré bíi mẹ́fà. Ọmọ méjì á kọjú síra wọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù àfi lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ àti bọ́ọ̀lù jọ dé ọwọ́ ẹnì kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 2, kí ó di 5, kí ó di 10. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Tí ẹ bá ti rí i pé iṣan ọrùn ọmọ ń yọ, ẹ dá a padà sí mítà 5.

Fún èémí: kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí wọ́n gbé ìwé ìkọ̀wé sórí ikùn. Ìwé gbọ́dọ̀ gòkè, èjìká kò gbọdọ̀ mì. Kí wọ́n mí sínú fún òǹkà mẹ́rin, kí wọ́n tú u jáde lórí "ṣṣṣ" fún mẹ́jọ. Àwọn tó ti pé 11 lè dé méjìlá. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ bá há, kó máa mu omi, kó sì kàn máa ṣe ìṣesí ní ọjọ́ náà. Ẹ má ní kó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ o, ìyẹn náà ń fún ọ̀fun.

Onílù kan pẹ̀lú gángan àti ọmọ kan tó ń lu agogo ti tó. Ìlù gbọ́dọ̀ dákẹ́ pátápátá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Onílù tó bá ní òun á máa "lù ú jẹ́jẹ́" lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méje ti gbé eré náà mì.

Lẹ́yìn Aṣọ Ìtàgé dáhùn:

Mo fara mọ́ Eléré Mọ́kọ́lá, àmọ́ kì í ṣe pátápátá. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 nílò ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lójoojúmọ́ ni wọ́n á máa yí ọ̀rọ̀ padà, ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan kó tó wọlé á dúró títí. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́, ẹ gé e kù, kí ẹ pín in ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta. Kí àmì ohùn pé lórí rẹ̀. Fún àwọn kékeré, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí òbí lórí WhatsApp, ìran kan lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìkarahun: ẹ dojú abọ́ rọ́bà ńlá kan dé ilẹ̀, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 40 sẹ̀ntímítà. Ẹ fi ọ̀rá bò ó kí bébà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ya ìwé ìròyìn ní fífẹ̀ ìka méjì; ẹ má fi sáàsì gé e, etí tí a fi ọwọ́ ya ló ń lẹ̀ dáadáa. Sítáàṣì ife kan, omi ife márùn-ún: ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó ná kó má bàa ṣe kókó, kí ẹ tó da omi híhó lé e, kó dà bí ẹ̀kọ mímu. Ìpele mẹ́rin ló gbà, ìpele kọ̀ọ̀kan ní kó dábùú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìpele kan lójúmọ́ o! Òjò lè dáwọ́ dúró díẹ̀ n'Ìbàdàn lóṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n oòrùn kì í ràn tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá lẹ mẹ́rin pọ̀ lọ́jọ́ kan, òde á gbẹ, inú á bu, á sì máa rùn lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ gbé e kọ́ òkè lálẹ́, eku fẹ́ràn sítáàṣì. Ẹ ṣe méjì, ọ̀kan á fọ́. Okùn rẹ̀, ẹ lo ọ̀já aṣọ tó gùn dáadáa, kí wọ́n gbé e kọ́ apá, kí wọ́n sì ta á ní kókó níwájú, kí ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 12 lè lò ó láìjẹ́ pé ẹ ń wá abẹ́rẹ́.

Aṣọ: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán odindi aṣọ. Àǹkárá yáàdì mẹ́fà láti Gbági á fún ọmọ mẹ́fà ní ìgbàjá àti gèlè tàbí ìborùn, lórí súwẹ́tì funfun tí wọ́n ní nílé. Àwọ̀ kan fún ọ̀wọ́ kan. Aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé, tẹ́rù funfun yáàdì 10 tí ẹ gé sí méjì tí ẹ rán pọ̀, kí àwọn ọmọ kun òpó gbọ̀ngàn Mápó sí i bó ṣe wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn. Òpó rọrùn fún ọwọ́ ọmọdé ju ojú èèyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ páànù yẹn ni ẹ má fi ṣeré. Kò sí ohùn ọmọ tó lè borí òjò lórí páànù tí kò ní sílíìnì. Ẹ ṣètò rẹ̀ sílẹ̀: tí òjò bá dé, onílù á lu àmì kan, gbogbo ọmọ á jókòó síbi tí wọ́n wà, orin á bẹ̀rẹ̀, ègbè á máa lọ títí yóò fi fúyẹ́. Ẹ fi dánra wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀. Ẹ fi eré sí aago 11 àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó yín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ ò ní jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan bí òjò náà.

Olùkọ́ Bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìkarahun alágbèégbà yẹn ti yọ mí. Méjì ló kù: ọmọ ọdún méje kan wà tí kì í la ẹnu rárá, ó ń sunkún tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Àwọn òbí méjì sì ti ń béèrè bóyá a máa fi nǹkan bojú ọmọ wọn bí eégún.

Eléré Mọ́kọ́lá:

Ẹ gbé agogo fún ọmọ yẹn, kó jókòó ti onílù. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀, ẹ má sì yìn ín níwájú ẹgbẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ jẹ́ kí ìran kan wà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí agogo bá dún. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, inú ègbè ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀ títí dópin, ó ti ṣeré.

Ti ìbojú, ẹ má lò ó. Ó ń dí ẹnu, gbogbo iṣẹ́ tí Ohùn Iyọ̀ sọ á sì já sí asán. Fìlà tó ní etí ẹranko ti tó, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí gbogbo òbí ní ọ̀sẹ̀ kìíní: ìtàn tí ẹ ń ṣe, ohun tí ọmọ máa wọ̀, àti bóyá wọ́n gbà kí ẹ ya fọ́tò. Inú lẹ́tà yẹn náà ni kí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ. Lọ́jọ́ eré, èrò á pọ̀, gbogbo èèyàn á máa fa ọmọ lọ sídìí fọ́tò. Kí olùrànlọ́wọ́ kan mú ìwé orúkọ yẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó máa fàmì sí i títí ọmọ kejìdínlógójì á fi jáde.