Ìdáhùn: “àìṣiṣẹ́ gbígbọ̀n” kò lè dúró fún ẹ́ńjìnnì tó ń mì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa fi àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́ fún àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n nígbà tí mọ́tò dúró tí awakọ̀ ò tẹná, wọ́n pè é ní “àìṣiṣẹ́ gbígbọ̀n”. Mọ́tò tí kò lè sáré bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, “àìlágbára”. Wọ́n wá kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, “àìlera ẹ́ńjìnnì”. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ iye ọdún tí ẹ ti fi sin èdè yìí, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ lórí àì- yẹn.

Ohun tó bá ti tẹ̀lé àì-, kò sí nìyẹn. Àìsùn, a ò sùn. Àìjẹun, a ò jẹun. Àìṣiṣẹ́, iṣẹ́ ò sí. Ẹni tó bá sọ fún mẹkáníìkì pé ẹ́ńjìnnì òun wà nínú àìṣiṣẹ́, bátìrì ni onítọ̀hún máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ohun tó gbọ́ ni pé kò dáhùn rárá. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí à ń sọ yìí ń ṣiṣẹ́. Bí èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin (yàrá tí epo ti ń jóná) bá ń yí ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná ti ta nínú rẹ̀ ní ìgbà 1,600. Èwo ni àìṣiṣẹ́ níbẹ̀? Òyìnbó ló pe ẹ́ńjìnnì tó ń yí nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan ní aláìṣiṣẹ́ (“idle”), ojú tiwọn ni wọ́n fi wò ó. Kí ló dé tí a fi ní láti bá wọn pè é bẹ́ẹ̀? Ilé là ń wò.

Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. “Ó ń mì.” “Ó ń mísì.” “Kò fà mọ́.” Èyí tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù lọ máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì, á kọjú síbòmíràn, á ní: “Ọ̀kan ò bá wọn ṣe.” Lẹ́yìn náà ni yóò mú píláyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́, á máa yọ wáyà plọ́ọ̀gì, èyí tó ń gbé iná lọ sí sílíńdà, lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa dá a padà. Èyí tó bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ìyẹn ń ṣe tirẹ̀. Èyí tó bá yọ tí ohùn ò yí padà, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó wà nínú àìṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, sílíńdà yẹn ni. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Èmi dábàá ìmí ìdúró fún ẹ́ńjìnnì tó ń yí láìtẹná, àti ìmì nígbà tó bá ń gbọ̀n. Ẹ wo ohùn méjèèjì dáadáa. Ẹ́ńjìnnì ń mí ní tòótọ́: afẹ́fẹ́ ló ń fà gba kabúrẹ́tọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tí a ò bá tẹná, ilẹ̀kùn inú kabúrẹ́tọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni epo ń gbà. Bí ìdọ̀tí bá dí ihò yẹn, tàbí tí gáskẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ kabúrẹ́tọ̀ bá ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ẹ̀bùrú wọlé, ìmí bàjẹ́, ó di ìmì. Tí ẹ bá wá tẹná, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ débi pé èyí tó ń jò kò tó nǹkan mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì balẹ̀. Ẹ so gééjì ìfàmọ́ra, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sí, mọ́ ọn níbi tí ilẹ̀ kò ga: tí ara ẹ́ńjìnnì bá dá, ọwọ́ gééjì á dúró jẹ́ẹ́ láàárín 17 sí 21 ínǹṣì mẹ́kúrì. Tó bá dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tó wà nísàlẹ̀, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, tàbí kí ẹ wo tímìn, ìyẹn àsìkò tí iná ń ta, bóyá ó ti pẹ́. Tó bá ń já wálẹ̀ léraléra ní ìwọ̀n kan náà, fáàfù kan (ilẹ̀kùn sílíńdà) ni kò pa dé.

Àǹtí wa ní bí ẹnì kan bá kọ ìmí láìfi àmì sí i, yóò di ohun tí a kì í dárúkọ níwájú àlejò. Àǹtí, tí a bá ń tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ jẹ́ ká yọ ọkọ̀ náà kúrò, nítorí ọkọ́ àti ọkọ ń bẹ. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i ni ká bá wí.

Ibi tí àì- ti bá a mu ni kò fà. Àìfà. Kì í ṣe àìlágbára, nítorí mọ́tò lè dúró kó máa mí láìmì rárá, kó wá dé orí òkè kó kọ̀. Fífà ló sọnù níbẹ̀. Epo lè má tó: fítà ti dí, tàbí awọ inú póm̀pù ti rẹ̀. Sàìlẹ́ǹsà lè dí. Tàbí kí tímìn má lè yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, nítorí irin wíwúwo inú dístríbútọ̀, tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, ti há, tàbí awọ tí afẹ́fẹ́ ń fà lára rẹ̀ ti ya. Láti mọ ti awọ yẹn, ẹ fi ẹnu fa rọ́bà tó lọ sí dístríbútọ̀. Tí páànù inú rẹ̀ bá yí tó sì dúró bẹ́ẹ̀, awọ rẹ̀ dá. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán lẹ ń fà, ó ti ya. Ẹnì kan ní èdè gáréèjì ni fà, kò yẹ ìwé. Ìfàsẹ́yìn ńkọ́? Ìfàmọ́ra ńkọ́? Ṣé gáréèjì ni wọ́n ti wá?

Ìdí nìyí tí n kò fi gba “àìlera” tó kó méjèèjì pọ̀. Ìmì nìkan ń darí yín sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti jẹ́ẹ̀tì kékeré. Àìfà nìkan ń darí yín sí epo àti tímìn. Bí méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ di ti pọ́ìntì (irin inú dístríbútọ̀ tó ń là, tó ń pa dé, kí iná lè ta), fáàfù tàbí kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n (bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀). Ẹ́ńjìnnì 1600 ti ìjàpá (Volkswagen Beetle), pọ́ìntì rẹ̀ máa ń là ní 0.4 mm. Tí ẹsẹ̀ pọ́ìntì bá jẹ, àlàfo á dín, iná á pẹ́ kó tó ta, mọ́tò á máa mì, kò sì ní fà. Àlàfo fáàfù rẹ̀, 0.15 mm ni nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Tí àlàfo yẹn bá tán, fáàfù ò ní lè pa dé mọ́, iná á jẹ ẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo kò lè kó gbogbo èyí.

Ti “àyẹ̀wò” tí ẹ̀gbọ́n lò fún wíwá ohun tó ń ṣe mọ́tò, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ló wù mí, torí ìdí wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ta kò mí.

Ó ku kọndẹ́ńsà, tí ẹ̀gbọ́n pè ní “agbáná”. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba iná tí ìbá fò lẹ́nu pọ́ìntì nígbà tó bá là, kí pọ́ìntì má jóná. Gbà ni, kì í ṣe gbá. Tí a bá so gbà mọ́ iná, ohùn rẹ̀ á bọ́ sí àárín: agbaná. Ṣé àṣìkọ ni, àbí gbá náà lẹ ní lọ́kàn, ẹ̀gbọ́n? Tó bá jẹ́ gbá, ẹ sọ fún wa ohun tó ń gbá.